Kéèkì Alájà Mẹ́rin àti Àpótí Irin

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó fún èmi ní ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé, tó sì fún ẹ̀yin ní ojú tí ẹ fi ń kà á. Bí ó bá jẹ́ inú ilé tó tutù ni ẹ ti ń ka èyí, ẹ dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwé náà lẹ fi ń fẹ́ ara yín, kò burú, ẹ ṣáà kà á tán kó tó gbó mọ́ yín lọ́wọ́. Ìtàn ilé kan ni mo fẹ́ sọ, ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ilé náà. Ọ̀rọ̀ àwọn olè ló bí i, inú sì ń bí mi sí wọn títí di ìsinsìnyí tí mo ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé olè kankan kò yọjú sínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Ìyá Oníkéèkì dúró láàárín yàrá tó fi ń ṣiṣẹ́, ó na ọwọ́ sókè síbi tí èémí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń jáde, ó sì gbé e síbẹ̀ pẹ́, bí ìyá tó ń yẹ ibà wò lórí ọmọ. Afẹ́fẹ́ ń jáde. Ó ń jáde dáadáa, kódà ó ń mi kọ́tìnì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí èémí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán.

Lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀ ni kéèkì ìgbéyàwó wà, alájà mẹ́rin, funfun bí aṣọ àwọn akọrin. Ọ̀la ni ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ti ní ìrọ̀lẹ́ òun yóò wá gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá ìyàwó yìí jẹ́. Òun ni olórí àwọn ìyá nínú ìjọ wọn. Bí ó bá yin iṣẹ́ rẹ, o ó ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ á fi máa ro ọ́. Bí ó bá wo iṣẹ́ rẹ, tó mi orí, tí kò sọ nǹkan kan, kí o tètè lọ kọ́ òwò mìíràn. Bọ́tà àti ṣúgà ni Ìyá Oníkéèkì sì fi pa kéèkì náà lára láti òkè délẹ̀, bọ́tà kò sì bá ooru ṣọ̀rẹ́. Òdòdó ṣúgà tó wà lókè pátápátá ti tẹ orí ba, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ nínú ìwàásù.

Ó mú rìmóòtù. Àmì yìnyín ló wà lójú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lè lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gun àga, ó fa àsẹ́ ẹ̀rọ náà yọ, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó dá a padà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fa kọ́tìnì dí ojú fèrèsé. Ó ká aṣọ ìnura sí abẹ́ ilẹ̀kùn kí ooru ọ̀dẹ̀dẹ̀ má bàa wọlé. Ó dúró, ó na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rọ náà ti ń kùn láti àná, kò sinmi, kò dákẹ́, kò sì tutù.

Ọkọ rẹ̀ wọlé. Wẹ́dà ni, iṣẹ́ kí a máa jó irin pọ̀ ló ń ṣe, Bàbá Onírin ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa bí ìgò oògùn ikọ́, ó kọjú rẹ̀ sí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó yí padà. Ó ní oòrùn ọdún yìí ni kò dáa. Ó ní kí àwọn ṣáà dúpẹ́ pé olè kò tíì gbé ẹ̀rọ náà. Ìyàwó rẹ̀ ní ọpẹ́ yẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ọpẹ́ gbé bọ́tà dúró. Ibẹ̀ ni ìjà àkọ́kọ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ jà á, nítorí pé ìyá Bàbá Onírin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé orin rẹ̀, etí màmá náà sì mú ju ojú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ olè yìí kì í ṣe àlá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá sí ilé Ìyá Ọ̀kánkán tó kọjú sí tiwọn, wọ́n sì tú apá ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ tó wà níta kúrò lára ògiri bí ẹni ń já ọsàn. Wọ́n to àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sórí ojú fèrèsé lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tó ní òun ń padà bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó sùn dáadáa mọ́ ládùúgbò. Ṣùgbọ́n Bàbá Onírin kì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Ó gé páànù irin tó nípọn, ó fi kan àpótí bo apá ìta ẹ̀rọ tiwọn: òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, iwájú. Kò ṣe ilẹ̀kùn sí i. Ó ní ibi tí ilẹ̀kùn bá wà ni àgádágodo ń wà, ibi tí àgádágodo bá sì wà ni olè ti ń rí nǹkan já. Gbogbo etí àpótí náà ló jó pọ̀ ṣinṣin, ó kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ògiri, ó sì pe àwọn ènìyàn wá wò ó. Wọ́n wá wò ó bí ẹni wá wo ọmọ tuntun. Kí ọ̀sẹ̀ tó tán, gbogbo ilé tó ní éésì ní òpópónà náà ti ní kó bá àwọn ṣe tiwọn, ó sì ti ṣe é. Ìyá Ọ̀kánkán tí kò ní ẹ̀rọ mọ́ pàápàá ní kí ó ṣe tòun. Ó ní kí àpótí kọ́kọ́ débẹ̀ ná, kí ẹ̀rọ wá bá a níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í bí ẹ̀rọ yóò ṣe wọ inú àpótí tí kò lẹ́nu.

Nígbà tí ìjà ohùn jẹ́jẹ́ náà kò tán, wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà. Ẹnjiníà ni ẹni tó ń tún éésì ṣe ládùúgbò. Ó wọlé pẹ̀lú sukudiráfà kan ṣoṣo lẹ́yìn etí rẹ̀, ó gbé etí kejì lé ara ẹ̀rọ, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀, ó sì kéde pé gáàsì ló ti tán. Kì í ṣe ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti sọ ọ́ rí nípa fírísà kan tí wọn kò kì bọ iná. Ìyá Oníkéèkì ní kí ó bá àwọn fi gáàsì sí i kíákíá, nítorí Ọlọ́run. Ẹnjiníà ní ẹnu ibi tí gáàsì ń gbà wọlé wà níta, kí wọ́n mú òun lọ.

Wọ́n mú un dé ẹ̀yìnkùlé. Ó rí àpótí. Ó fi ìka kan án kó-kó-kó, ó yí ojú rẹ̀ ká, ó tún kàn án. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Bàbá Onírin wolẹ̀ bí ọmọge.

Ẹnjiníà ní, “Ọ̀gá, ẹ ò ṣeré o. Ta ló fẹ́ wọ ibí yìí?”

Ìyá Oníkéèkì ní, “Ṣebí ìwọ lo fẹ́ wọ̀ ọ́.”

 Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ bí páànù náà ṣe nípọn tó, àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹnjiníà ní kí Bàbá Onírin bá òun ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ amúnáwá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Nígbà tí obìnrin náà tún rán an létí ọ̀rọ̀ gáàsì, ó ní òun máa lọ wá ọ̀nà kan sí i. Ó gba ẹnubodè jáde, ó ń wẹ̀yìn wo àpótí náà bó ṣe ń lọ. Kò padà wá.

Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, òdòdó òkè ti dọ̀bálẹ̀ tán, àjà kẹrin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí apá fèrèsé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ yọjú wòta. Àwọn ará ilé tó wà nítòsí gbọ́, wọ́n sì wá, nítorí pé ènìyàn dáadáa ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí ẹnìkan nìkan dá ru ìṣòro. Gbogbo ẹni tó wọlé ń ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ẹni tó wọlé ń mú ooru ara tirẹ̀ wá. Màmá wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ Ọlọ́run lè wọlé. Ó ní láyé àwọn, kò sí kéèkì tó ń béèrè ẹ̀rọ. Ìyá Oníkéèkì wo ẹnu màmá náà, ó wo kéèkì, ó ní, “Ẹ ṣé, Màmá.” Ẹni kan ní kí wọ́n gbé kéèkì náà lọ sí yàrá yìnyín àwọn ẹlẹ́ja, ẹlòmíràn sì bi í bóyá ó fẹ́ kí ìyàwó àti ọkọ máa gbóòórùn ẹja títí ọjọ́ ayé wọn. Ìyá Ọ̀kánkán sáré lọ sílé, ó gbé fáànù ńlá tirẹ̀ wá, ó sì tàn án dé ibi tó le jù lọ láì wo iwájú rẹ̀. Abọ́ ìyẹ̀fun ṣúgà ló wà níwájú rẹ̀. Kí ẹni kankan tó lè pa á, gbogbo wọn ti funfun láti orí dé èjìká, tí wọ́n ń wo ara wọn bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jíǹde, Màmá sì ń bi wọ́n láti ìdí ilẹ̀kùn pé kí ló dé tí gbogbo wọn dákẹ́.

Àsìkò yìí ni Bàbá Onírin rí ojútùú. Ó fa okùn ìwọ̀n yọ nínú àpò rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga kéèkì. Ó ní kí ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni òun yóò fi gún kéèkì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí òun yóò jó mọ́ ọn. Ó ní bí mọ́tò bá gbá a pàápàá, kò ní wó.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó.  Ó wò ó títí okùn ìwọ̀n náà fi ká ara rẹ̀ padà sínú ilé rẹ̀.

Fóònù dún. Ìyá ìyàwó ni. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní òun kò ní lè dúró di ìrọ̀lẹ́ mọ́, òun máa tètè wá, òun sì ń mú ìyàwó pásítọ̀ bọ̀ kí ìyẹn náà lè rí i, nítorí ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí kò tíì lọ sílé ọkọ. Ìyá Oníkéèkì ní, “Ẹ máa bọ̀, Mọ́mì, a ti ń retí yín.” Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, nítorí ẹkún ń bọ̀, kò sì fẹ́ sun ún lójú èrò.

Ní ẹ̀yìnkùlé, ó wá ibi tó máa fara tì. Ó gbé ọwọ́ lé àpótí irin, ó sì fà á padà kíá.

Ó gbóná. Kì í ṣe gbígbóná irin tí oòrùn pa. Ó mọ ooru yìí. Ooru tí ó ń bá jí ni, ooru ẹnu ilẹ̀kùn ófùnù rẹ̀. Ẹkún náà kò jáde mọ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí àpótí náà láì kàn án, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ófùnù ti tó gbé kéèkì sí. Ó ti tó. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì gbọ́ fáànù ẹ̀rọ náà nínú lọ́hùn-ún, tó ń yí, tó ń yí, tó ń fẹ́ ooru kan náà káàkiri ibi kan náà. Gbogbo ooru tí ẹ̀rọ náà ń kó jáde nínú yàrá rẹ̀ láti àná, ibí yìí ló ń kó o sí, kò sì rí ibi tí yóò gbà lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kan ófùnù mọ́ ara ilé wọn. Ó sì ti kan irú rẹ̀ mọ́ ara gbogbo ilé ní òpópónà.

Ó padà wọlé. Kò pariwo. Ó gé bọ́tà díẹ̀ sórí àwo, ó ní, “Dádì, ẹ bá mi dé ẹ̀yìnkùlé.” Ohùn tó fi sọ ọ́ mú kí gbogbo èrò tẹ̀ lé wọn. Ó gbé bọ́tà náà lé orí àpótí. Bọ́tà náà jókòó díẹ̀, ó rọ̀, ó tẹ́, ó sì ṣàn gba ojú ọ̀dà àwọ̀ ògiri wálẹ̀, tó fi kán sórí bàtà Bàbá Onírin.

Bàbá Onírin ní oòrùn ni.

Màmá ti fi ọ̀pá wá ọ̀nà débẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, oòrùn ò dé ẹ̀yìnkùlé yìí rí láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kọ́ ilé.”

Bàbá Onírin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní bí òun bá gé e, olè yóò gbé e, ẹ̀rọ yóò lọ, ilé yóò gbóná. Ó ní kí ni òun máa wí fún àwọn tó ti bá òun ra tiwọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́, nítorí àwọn náà ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun ṣúgà lórí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bí olè bá gbé e, inú ooru yìí náà la máa wà. Kí wá ni àpótí yẹn ń ṣọ́ fún wa?”

 Bàbá Onírin wo bọ́tà tó wà lórí bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin.

Wọ́n pa éésì. Àwọn obìnrin padà lọ yí kéèkì ká, wọ́n ń fi ìwé orin fẹ́ ẹ, Màmá sì ń dá orin fún wọn kí ọwọ́ wọn lè bára mu. Níta, iná ń ta pàrà lára irin. Kò rọrùn. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, kò sí ibi tí ó jó tí kò di mú, gbogbo ìyìn tí wọ́n ti yìn ín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló padà wá ń bá a jà níbẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Nígbà tí páànù iwájú já, tó ṣubú lulẹ̀, ooru tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹni tó dúró síbẹ̀ sì fi ẹ̀yìn rìn. Kò dúró. Ó gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú, ó sì gé òkè. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mí díẹ̀, wọ́n sì tún tàn án.

Nínú ilé, Ìyá Oníkéèkì na ọwọ́ sókè bí ó ti nà án ní àárọ̀. Wọ́ọ́rọ́. Ó dúró. Ìwé orin kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó ṣe, nǹkan kékeré kan kan ìka rẹ̀, kékeré bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ kí ó má bàa jí ọmọ. Ó tutù. Ó tún tutù sí i. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ bẹẹrẹ pẹ̀lú àpírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, Ọlọ́run ó bù kún wọn.

Àjà kẹrin ti kọjá àtúnṣe. Ó gbé e kúrò, ó tún ara àwọn mẹ́ta yòókù ṣe, ó sì ṣe òdòdó mìíràn sórí àjà kẹta. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ọwọ́ nígbà tí ìyá ìyàwó wọlé pẹ̀lú ìyàwó pásítọ̀. Ìyá ìyàwó rìn yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí i ká. Ìyá Oníkéèkì ń wo orí rẹ̀, bóyá yóò mì.

Ó ní, “Mẹ́rin la sọ, àbí?”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ooru mú ọ̀kan lọ. Owó rẹ̀ á padà sọ́wọ́ yín.”

Ìyá ìyàwó tún wò ó pẹ́. Ó ní, “Fi owó náà sílẹ̀. Mẹ́ta ló dára jù. Mẹ́rin ì bá ti ga ju ọkọ ìyàwó lọ, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìyẹn nínú fọ́tò.” Ó wá àga, ó fi ara lélẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀ nínú òtútù dáadáa yìí, pé ó ti ṣe díẹ̀ tí ilé òun ti ń gbóná bí iléru, éésì òun kàn ń kùn lásán ni, láti ìgbà tí wẹ́dà kan ti bá òun kan àpótí mọ́ ọn. Ìyàwó pásítọ̀ ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ òun sílẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ kò tíì dé.

Nígbà tí wọ́n gbé kéèkì lọ tán, Ìyá Oníkéèkì bu kéèkì àjà kẹrin tó wó sínú àwo, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ gbé àga síwájú ẹ̀rọ tó wà níhòòhò, ó di ọ̀pá irin mú, ó ń ṣọ́ ọ. Gbogbo ooru tó ń jáde nínú yàrá ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ lu ojú rẹ̀, irun orí rẹ̀ sì dìde. Kò gbé àga kúrò. Ó gba àwo, ó jẹun. Nígbà tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni òun yóò fi ṣe òmíràn lọ́la, tí ọwọ́ olè kò ní wọ̀, tí afẹ́fẹ́ yóò sì máa gbà kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ ṣe ilẹ̀kùn sí i.” Ó ní òun yóò ṣe é.

Ní òpópónà, àwọn ènìyàn ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Kálukú ń gbé ọwọ́ lé àpótí tirẹ̀, kálukú ń fa ọwọ́ padà, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ẹnubodè Bàbá Onírin. Wọ́n dúró síbẹ̀. Òun náà rí wọn, ó gbé àwo sílẹ̀, ó sì nawọ́ gán ẹ̀rọ agérin rẹ̀. Ìyá Ọ̀kánkán ló dé kẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun ṣúgà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan tòun o. Ó ní òun ti gbé ọwọ́ lé e, òun gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e pàápàá, àpótí tòun nìkan ló tutù ní gbogbo òpópónà.

Bàbá Onírin ní kò burú, ó sì tẹ̀ lé àwọn yòókù lọ sí ilé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí dé ibí, kí Olúwa ṣọ́ ilé yín ju bí irin ti lè ṣọ́ ọ lọ. Kí ó yí ọkàn àwọn tó ń jí nǹkan padà, kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Kí ìbẹ̀rù má ti ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ mọ́ inú ooru. Kí ohun tí o fi òógùn rẹ kọ́ dúró ṣánṣán títí olówó rẹ̀ yóò fi dé, kí yàrá rẹ tutù, kí ilẹ̀kùn rẹ sì máa ṣí fún ire. Àmín.